Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó ń wú: ikú tí à ń pè ní òjijì máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn

Láti Àjàṣẹ́ dé Pọ́bẹ̀, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Àtàkpàmé ní ilẹ̀ Tógò, kò sí ìlú tí wọn kò ti mọ irú ikú yìí. Ẹnì kan jí ní àárọ̀, ó kí ará ilé, ó jáde lọ síbi iṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ dé. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò ní jàǹbá ọkọ̀, kò sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní ńṣe ló kàn di orí mú, ó ṣubú, ó parí.

Kí wọ́n tó sin irú òkú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló bá a jà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ilé ta ló ti jẹun kẹ́yìn? Ta ni ilẹ̀ rẹ̀ máa kàn? Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, opó rẹ̀, tàbí orogún, tàbí ìyá arúgbó kan tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, á ti di ẹni tí wọ́n ń yẹra fún. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀pọ̀ ilé ló ti tú nítorí ìbéèrè yìí.

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tó lè pa ènìyàn báyìí láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú orí ló ń gbé. Ó máa ń mú kí ògiri àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ wú. Bí dókítà bá kọ ọ́ sórí ìwé ní èdè Faransé, vascularite cérébrale ni ẹ ó rí. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rí ẹni tó ṣe láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí méjì ló mú kí a gbé e wá síwájú yín. Èkíní, àìsàn yìí kì í sábà pa ènìyàn láìfi àmì hàn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀ ṣáájú, ó sì ní oògùn. Èkejì, àwọn àmì rẹ̀ bá ti àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn mu, àwọn tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá mọ àmì ọ̀kan ti mọ ti gbogbo wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo ju bíi kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, òun nìkan ló ń lo bí ìdá kan nínú 5. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ náà lọ bá a, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Àwọn iṣan ńláńlá gba ọrùn gòkè, wọ́n sì ya sí kéékèèké bí ẹ̀ka igi títí wọ́n fi dà bí fọ́nrán òwú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró níbì kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ọpọlọ tó wà níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Gbogbo wa la mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí bí ẹ̀gún bá gún un lóko. Á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ro ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ló sáré débẹ̀ láti bá ìdọ̀tí tó wọlé jà. Ohun tó dára ni, bí ó bá mọ níwọ̀n. Nínú àìsàn tí à ń sọ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kan náà ló kọjú sí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, tí wọ́n ń bá a jà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Ògiri iṣan á wú, á sì nípọn.

Láti ibẹ̀, ewu mẹ́ta ló lè yọ. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè fún títí tí yóò fi dí, bí ìgbà tí ìdọ̀tí bá dí ọ̀pá omi. Ògiri tó ti rà lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú ọpọlọ. Tàbí kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ wú nínú agbárí, níbi tí kò ti sí àyè kankan láti fẹ̀ sí, kí ó wá tẹ apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń darí èémí mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣẹlẹ̀ ni ènìyàn ń ṣubú. Ọjọ́ yẹn ni ará ilé rí. Ṣùgbọ́n iṣan náà ti ń wú kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Bí wọ́n ṣe rí ìdí rẹ̀

Inú òkú ni ìmọ̀ nípa àìsàn yìí ti kọ́kọ́ jáde. Lọ́dún 1959, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Humberto Cravioto àti Irwin Feigin, tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn aláìsàn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn wú tí wọ́n sì kú, láìsí kòkòrò àrùn kankan tó ṣe é. Ọpọlọ òkú ni wọ́n yẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kí wọ́n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí: lẹ́yìn ikú ni wọ́n ń mọ̀ pé òun ni.

Lọ́dún 1983 ni ìròyìn tó fọkàn ẹni balẹ̀ jáde. Àwọn dókítà kan ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà fi oògùn méjì pọ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn tí wọ́n ní in, ara wọn sì balẹ̀. Anthony Fauci wà lára wọn, ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àrùn Kòrónà. Lọ́dún 1988, Leonard Calabrese àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cleveland to àwọn ìlànà kalẹ̀ tí dókítà lè fi mọ̀ pé àìsàn yìí ló wà lára aláìsàn tó ṣì wà láàyè. Ìlànà wọn ni àwọn dókítà ṣì ń tẹ̀lé dòní.

Lọ́dún 2007, Carlo Salvarani àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, kó ọ̀rọ̀ aláìsàn 101 jọ, àwọn tí wọ́n tọ́jú láàárín ọdún 1983 sí 2003. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ní agbègbè wọn fi hàn pé nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn, kò tó 3 tí àìsàn náà ń mú lọ́dún kan. Bí a bá fi ìṣirò àwọn ará Minnesota wọn orílẹ̀-èdè Benin, tó ní ju mílíọ̀nù 13 ènìyàn lọ, á tó bí ọgbọ̀n ènìyàn lọ́dún. Lóòótọ́, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbọ̀n náà ní ìyàwó, wọ́n ní ọkọ, wọ́n ní ọmọ, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n máa di ẹ̀bi ikú wọn rù.

Àwọn àmì tó máa ń yọ

Nínú àwọn aláìsàn 101 yẹn, bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀fọ́rí. Ìdajì wọn ni ìrònú àti ìrántí wọn dàrú. Bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni apá àti ẹsẹ̀ wọn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn ní gìrì bíi ti wárápá, ojú àwọn mìíràn ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn ń wọ́ lẹ́nu. Ibà kì í sábà bá a rìn, ara kì í sì sábà gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé, "Kò ṣàìsàn."

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò gàrí kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí kò sí níbì kankan, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ lè wà ní ọjà èyíkéyìí. Ọmọ ọdún 45 ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Ó ra oògùn lórí àtẹ, ó lò ó, orí ṣì ń fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń ṣi owó oníbàárà kà, ó ń bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ìrònú gbèsè ló ń dà á láàmú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, obìnrin tí kì í bá ènìyàn jà bẹ̀rẹ̀ sí bínú fún ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n ní àwọn ayé ti ń ṣe é, wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú tipiri láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó padà sípò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn kò lọ ibì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ṣubú nínú ọjà.

Gbogbo ọjà ló máa sọ pé òjijì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni àìsàn yẹn fi kan ilẹ̀kùn. Ìgbà mẹ́rin ló kàn án, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì rí àlàyé mìíràn fún un. Ọwọ́ tó kú lọ́sẹ̀ kẹfà tó sì padà sípò ló yẹ kó lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àmì tó bá wá tó tún lọ ṣì jẹ́ àmì.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe báyìí

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí tán kó máa rò pé gbogbo ẹ̀fọ́rí ni vascularite. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ń ṣubú lójijì láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn ṣubú. Àrùn rọpárọsẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà, òun ló sábà máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú. Bí nọ́ọ̀sì bá wọn ẹ̀jẹ̀ yín tó sọ pé 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru nìyẹn, bí ara yín tilẹ̀ le koko. Oògùn rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lò ó, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá fọ́ nìkan.

Àwọn àrùn mìíràn wà tó lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wú, tí kòkòrò sì ni ó fà wọ́n. Ikọ́ ife lè gun orí lọ. Sifilíìsì tí a kò tọ́jú lè wọ ọpọlọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kòkòrò Sida náà lè dé ibẹ̀. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní zona, tó máa ń yọ ìléròrò gátagàta sí ẹ̀gbẹ́ kan ara tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ojú, lè tẹ̀lé iṣan lọ sínú ọpọlọ, kó sì fa rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Àwọn wọ̀nyí ní oògùn tiwọn. Ní ilẹ̀ Benin, ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife àti oògùn Sida.

Àwọn ọmọdé náà kò yọ sílẹ̀. Ọmọ tó ní àrùn fọnìkú-fọládìde, èyí tí wọ́n ń pè ní drépanocytose, lè ní rọpárọsẹ̀ ní kékeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ba ògiri iṣan ọpọlọ jẹ́ títí tí yóò fi fún. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń jù nǹkan bọ́ lọ́wọ́, tàbí tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ láìnídìí, ẹ má ṣe nà án. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀fọ́rí kan tún wà tó yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Bí àrá ló ṣe ń sán. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti dé góńgó, ẹni tó ń ṣe é á sì sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń tú nínú orí. Èyí kò gba kí ilẹ̀ mọ́. Wákàtí náà gan-an ni kí ẹ gbéra.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ pé vascularite cérébrale ni. Ohun ni dókítà fi ń wádìí rẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń wádìí ọ̀ràn: á máa yọ ìkọ̀ọ̀kan kúrò nínú àwọn tí wọ́n fura sí. Á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á wo ṣúgà, á wo ibà, á wo Sida àti sifilíìsì. Wọ́n á fi ẹ̀rọ skánà tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní IRM ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n lè fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù èyí, wọ́n ní ó ń sọ ènìyàn di arọ. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀, omi náà sì ni ó lè fi hàn bóyá kòkòrò wà nínú ọpọlọ tàbí kò sí. Ẹni tó kọ̀ ọ́ ti mú ohun tó lè là á kúrò lọ́wọ́ dókítà.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé wọn, wọ́n lè fi oògùn aláwọ̀ sínú iṣan kí wọ́n lè ya àwòrán iṣan náà fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa wo ibi tó ti fún bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ìgbà mìíràn, wọ́n á gé ẹyọ kékeré lára ọpọlọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló dájú jù, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nìkan ló sì ń ṣe é.

Gbogbo rẹ̀ kò sí ní ìlú kéékèèké. Ilé ìwòsàn abúlé ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ìwòsàn agbègbè tí wọ́n ń pè ní hôpital de zone, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn ńlá CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu, níbi tí àwọn dókítà ọpọlọ wà. Ní ilẹ̀ Tógò, CHU Sylvanus Olympio wà ní Lomé. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ. A mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó àwòrán kì í ṣe ohun kékeré fún àgbẹ̀ tí kò tíì ta iṣu. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tètè lọ. Ẹni tó bá lọ nígbà tí orí ṣì ń fọ́, tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, owó rẹ̀ á kéré sí ti ẹni tí wọ́n gbé lọ lẹ́yìn tó ti ṣubú.

Ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀, tó sì ń ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún ọmọ tó mọ̀wé kó bá yín kọ ọ́: ọjọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ọjọ́ tí ọwọ́ kú, bí ó ti pẹ́ tó, oògùn tí wọ́n ti lò àti ibi tí wọ́n ti rà á. Kí ẹni tó ń bá aláìsàn gbé tẹ̀lé e lọ, nítorí ẹni tí ìrántí rẹ̀ ti ń dàrú kò lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ tán.

Oògùn rẹ̀ àti ewu oògùn orí àtẹ

Oògùn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni irú àwọn tó ń dá wíwú dúró, bíi prednisone. Ó máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà mìíràn abẹ́rẹ́ inú iṣan ni fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n sábà máa ń fi èkejì tì í, cyclophosphamide, tó máa ń mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó ń jà lọ́nà òdì rọlẹ̀. Ìtọ́jú náà ń gba oṣù púpọ̀, ó sì lè kọjá ọdún kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tètè rí ló ń gbádùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á ṣì máa rọ ní apá kan.

Àwa tí a ń ná ọjà mọ̀ pé irú oògùn yìí wà lórí àtẹ. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ra dexaméthasone láti fi sanra, àwọn mìíràn ń lò ó fún ẹsẹ̀ dídùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìwé wa tán kí ẹ lọ rà á fún ẹ̀fọ́rí. Bí ó bá jẹ́ pé ikọ́ ife ló wà nínú ọpọlọ, tí wọ́n sì lo oògùn yìí nìkan láìlo ti ikọ́ ife, ńṣe ló máa tú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ká, tí kòkòrò á sì rí àyè jẹ gàba. Ó tún ń gbé ṣúgà sókè, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ tó sì dá a dúró lójijì lè dákú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú yín

Ẹ wo ojú rẹ̀, bóyá ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ní kó gbé apá méjèèjì sókè, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń já wálẹ̀. Ẹ ní kó sọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ já geere. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá ti yí padà, ẹ wo aago, kí ẹ rántí wákàtí tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n fi ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí iṣan, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fún ni, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tú sínú ọpọlọ.

Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí kò bá mọ ibi tó wà. Ẹ má ṣe da epo, omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, nítorí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti kú lè fi gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi í sáàárín ènìyàn méjì lórí zémíjàn bí ọkọ̀ mìíràn bá wà.

Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ẹni tó fẹ́ dífá, kó dífá. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúrà lè bá ènìyàn rin ìrìn àjò. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ikú bá ti dé

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù nìyí. Ní àwọn ìlú tí wọ́n ti rí ìdí àìsàn yìí, ẹbí ló gbà kí wọ́n yẹ òkú wò. Ọ̀dọ̀ tiwa, a máa ń kọ̀. A ní òkú kò gbọdọ̀ gba ọ̀bẹ, a ní ọ̀wọ̀ ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àṣà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí tó kọ̀ láti mọ ohun tó pa ẹni wọn, tó wá yí padà tó ń pe orúkọ arúgbó kan lójúbọ ìdílé, ẹ̀rí wo ló dì mú? Ìdájọ́ tí kò ní ẹ̀rí ni. Àwọn tó máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù ni àwọn tí kò lágbára láti gbèjà ara wọn: opó tí wọ́n lé kúrò nínú ilé ọkọ, ìyá tí àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ kò kí mọ́, ọmọ tí wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n la òkú, ẹ lè béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà tó rí i kẹ́yìn, kí ó kọ ohun tó rò pé ó pa á. Ẹ lè jókòó pọ̀ bí ẹbí, kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ padà sẹ́yìn. Ǹjẹ́ orí ń fọ́ ọ? Ǹjẹ́ ó ń gbàgbé nǹkan? Ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kú rí? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àìsàn ló ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Kí ẹ má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru ara yín pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò mọ àmì kò lè rí i.

Ní báyìí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á fún ìyá tí kò mọ̀wé nílé. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìdí ayò. Bí ẹ bá rí ẹni tí orí ti ń fọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìwà rẹ̀ ti yí padà, tí ọwọ́ rẹ̀ kú tó sì tún jí, ẹ má ṣe bi í pé ta ló ṣẹ̀. Ẹ bá a wá owó ọkọ̀.